Gígun Òkè àti Gígun Kẹ̀kẹ́: Bí Kòkó Gbọ̀ngán Ṣe Ń Dé Etí Títì

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn tòní, òun ni gùn. A ń gun igi, a ń gun àkàbà, a ń gun ẹṣin, a ń gun òkè, a sì ń gun kẹ̀kẹ́. (Kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ gún olóhùn òkè tí a fi ń gún iyán, tàbí gùn tí a fi ń sọ pé nǹkan kò kúrú, ọ̀tọ̀ ni tiwọn.) Ohun tó so gbogbo àpẹẹrẹ wọ̀nyí pọ̀ ni pé ènìyàn fi ilẹ̀ sílẹ̀, ó bọ́ sórí ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé kẹ̀kẹ́ dé ìsàlẹ̀ òkè tó dúró ṣánṣán rí mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe yìí ti ń bá ara rẹ̀ jà. Bí o bá fẹ́ gun òkè, o ní láti sọ̀ kúrò lórí kẹ̀kẹ́. Bí o bá takú sórí kẹ̀kẹ́, òkè náà kò ní í ṣe é gùn.

Èyí lè dà bí àwàdà lásán, ṣùgbọ́n ìtàn wà nídìí rẹ̀ fún àwa tí a jẹ́ ọmọ agbègbè Gbọ̀ngán, Ìkirè àti Apòmù. Nígbà tí àwọn òpìtàn bá ń ka oore tí kòkó ṣe fún ilẹ̀ Yorùbá, wọn a dárúkọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Wọn a dárúkọ ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ṣí ní Ìbàdàn ní 1959. Wọn a sì nawọ́ sí Ilé Kòkó gogoro tí wọ́n parí ní Dùgbẹ̀ ní 1965. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ kòkó kì í fò láti orí igi bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi. Kí àpò kan tó dé orí ìwọ̀n nínú ìlú, ẹnìkan ti kọ́kọ́ gbé e gba ọ̀nà oko tí mọ́tò kò lè gbà, ó ti bá a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò, ó sì ti bá a gòkè odò náà ní òdìkejì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí àwọn bàbá wa fi ṣe iṣẹ́ yìí ni kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n rà láti máa gùn, tí ó sì jẹ́ pé títì ni wọ́n ń tì í fún ìdajì ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo bí ọ̀rọ̀-ìṣe náà ṣe dé ara kẹ̀kẹ́. Àwọn ará Gbọ̀ngán jẹ́ ara àwọn tí ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún lé kúrò ní pápá ilẹ̀ Ọ̀yọ́ wá sí gúúsù. Ilẹ̀ tí ẹṣin ti ń ṣe dáadáa ni wọ́n ti wá. Ẹṣin ni agbára Ọ̀yọ́ nígbà tí Ọ̀yọ́ wà ní Ọ̀yọ́. Inú igbó ni wọ́n wá tẹ̀dó sí, níbi tí eṣinṣin burúkú ti ń gbin àrùn sínú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin tí ẹṣin kì í fi í pẹ́ láyé. Nítorí náà ọ̀rọ̀ dé inú igbó, ẹṣin kò fi bẹ́ẹ̀ bá a dé. Ọba àti olóyè díẹ̀ ló lè máa wá ẹṣin tuntun rọ́pò èyí tó kú. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ dé, kò sí ẹni tó jókòó ṣe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ó fi sọ ọ́; ọ̀rọ̀ ẹṣin ni wọ́n gbé wọ̀ ọ́. Ẹ wò ó pé mọ́tò kò gba ọ̀nà yìí. Mọ́tò di ọkọ̀, ó jogún orúkọ ohun tó ń lọ lórí omi, a sì ń wà á bí a ti ń wa ọkọ̀ ojú omi. Kẹ̀kẹ́ ní tirẹ̀ jogún ìjókòó ẹlẹ́ṣin.

Ọ̀rọ̀-orúkọ náà tún ní ìtàn tirẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ti wà nínú èdè wa kí básíkù tó dé. Nínú Bíbélì Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde lódindi ní 1884, kẹ̀kẹ́ ni Fáráò dì nígbà tó fẹ́ lépa àwọn ọmọ Ísírẹ́lì. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní 1885, ni John Kemp Starley gbé kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ jáde ní ìlú Coventry, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba tí ṣéènì sì ń yí ti ẹ̀yìn, tí gbogbo kẹ̀kẹ́ òde òní fi jọ ọ́. Láti fi ẹlẹ́sẹ̀ méjì yìí hàn yàtọ̀, àwọn bàbá wa fi ológeere kún un. Àwọn kan ń sọ pé láti ara gíà èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ológeere ti wá. Èmi kò gbà. Èkíní, ọ̀pọ̀ jù lọ kẹ̀kẹ́ tí a mọ̀ nílẹ̀ yìí kò ní gíà tí a ń pààrọ̀ rárá. Èkejì, geere ti wà lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀: omi ń ṣàn geere, ọ̀rọ̀ ń lọ geere lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ. Ohun tó ń lọ láìsí ìdíwọ́, láìsí ariwo, ni geere. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ kẹ̀kẹ́ ní ológeere rí i lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú tàbí ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Alùpùpù tó dé lẹ́yìn rẹ̀, ariwo ẹ́ńjìnnì ni a fi sọ ọ́ lórúkọ. Òun lọ́nà tirẹ̀ kò tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Kẹ̀kẹ́ Raleigh láti Nottingham àti Hercules láti Birmingham wà lára àwọn tí orúkọ wọn rinlẹ̀ jù lọ lẹ́nu àwọn àgbà. Ọdún 1888 ni Dunlop ṣe táyà tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn láti Èkó, ọjà òkè òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ilẹ̀ lọ́nà tó rọrùn. Akọ̀wé, tíṣà àti àwọn oníwàásù ló kọ́kọ́ ní kẹ̀kẹ́. Ẹ wo àwọn fọ́tò àtijọ́ tó wà ní pálọ̀ àwọn ìdílé wa: ọkùnrin wọ agbádá, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan wà lórí ìjókòó. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí ó ti jókòó sórí rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ fọ́tò ìgbà náà ló fa èyí, nítorí ẹni tó ń mì kò lè hàn dáadáa. Síbẹ̀ ó wù mí láti máa wò ó pé bí kẹ̀kẹ́ ṣe rí ní ayé wọn gan-an nìyẹn: ènìyàn dúró tì í, ó dì í mú.

Owó kòkó ló gbé kẹ̀kẹ́ dé ọwọ́ àgbẹ̀. Láti 1940, nígbà ogun, ìjọba amúnisìn gba ríra kòkó sọ́wọ́. Ní 1947 wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ tó ń ta kòkó gbogbo Nàìjíríà, ní 1954 ó sì di ti ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Àjọ yìí ló ń dá iye tí wọn yóò máa ra kòkó ní ọdọọdún. Kókó kan wà níbẹ̀ tí àwọn tó ń kọ ìtàn kì í sábà dúró lé lórí. Iye tí wọ́n dá náà, iye rẹ̀ ní ibùdó ìwọ̀n tí ìjọba fọwọ́ sí ni. Láti ibùdó náà dé èbúté Èkó, owó ọkọ̀ wà nínú ìṣirò. Láti inú oko dé ibùdó, àgbẹ̀ ló mọ̀. Bí oko rẹ bá wà ní ìdí títì, bí ó bá sì wà lẹ́yìn odò mẹ́ta, owó kan náà ni wọn yóò san fún ọ. Òkè àti odò tó wà láàárín kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Àwọn òkè wa kì í ṣe òkè ńlá. Ẹni tó bá fẹ́ rí òkè tí kẹ̀kẹ́ kò lè dé rárá, kí ó lọ sí Ìdànrè, níbi tí àtẹ̀gùn tó lé ní 600 wà kí ènìyàn tó dé ìlú àtijọ́ lórí àpáta. Tàbí kí ó gba Èfọ̀n-Alààyè kọjá. Ilẹ̀ Gbọ̀ngán ń lọ sókè sódò ni. Ní gúúsù ìlú, lọ́nà Wákájayé àti Òrílé-Òwu, ọ̀nà oko kì í pẹ́ kó tó já lulẹ̀ sí odò kékeré, kó sì tún fò sókè. Òkè náà lè má ju ìwọ̀n ọgọ́rùn-ún mítà lọ ní gígùn. Ṣùgbọ́n ó nà ró, òjò ti gbẹ́ àárín rẹ̀ di kòtò, gbòǹgbò igi sì yọ jáde nínú rẹ̀ bí egungun ìhà. Òkè kúkúrú bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá nínú ìrìn àárọ̀ kan tó láti sọ ọ̀dọ́mọkùnrin di àgbà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Àpò kòkó kan tó pé ìwọ̀n jẹ́ 140 pọ́n-ùn, mẹ́rìndínlógún rẹ̀ ló ń jẹ́ tọ́ọ̀nù kan nígbà ayé Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìwọ̀n òde òní, ó tó kìlógíráàmù 63 àti ààbọ̀. Ẹrù tí aláàárù ń rù lọ́nà jíjìn kò sábà ju 60 pọ́n-ùn lọ, nítorí náà àpò kan ju ẹrù orí méjì lọ. Kẹ̀kẹ́ kan tí káríà rẹ̀ lágbára ń gbé àpò kan láìsọ̀rọ̀. Àwọn akíkanjú a máa di méjì mọ́ ọn. Ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ kò ní láti háyà orí méjì tàbí mẹ́rin mọ́. Ibí yìí ni èrè kẹ̀kẹ́ wà, ó sì wà níbẹ̀ bóyá ènìyàn gùn ún tàbí kò gùn ún. Òtítọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nínú ìtàn yìí nìyẹn: kì í ṣe ìyára ni àgbẹ̀ fi owó rà. Ohun tó rà ni ẹsẹ̀ irin méjì tí yóò gba ẹrù kúrò lórí ọrùn rẹ̀.

Kí ló dé tí kò fi lè gùn ún? Kẹ̀kẹ́ tó wà nílé wa nígbà tí mo wà ní kékeré ni mo fi kọ́ ìdáhùn. Eyín 46 ló wà lára irin ṣéènì ti iwájú, 18 ló wà lára ti ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ oní-íǹṣì 28. Ẹ ṣe ìsọdipúpọ̀ rẹ̀, ẹ ó rí i pé bí pẹ́dà bá yí lẹ́ẹ̀kan, kẹ̀kẹ́ ti lọ síwájú ní nǹkan bíi mítà márùn-ún àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, geere nìyẹn. Lórí òkè tó ń ga ní mítà kan nínú mẹ́wàá, ó túmọ̀ sí pé yíyí kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ gbé ọkùnrin, kẹ̀kẹ́ àti àpò kòkó, tí gbogbo rẹ̀ ju kìlógíráàmù 140 lọ, sókè ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì. Orúnkún ta ni yóò gbà? Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ tó sì ń rìn yóò pín mítà wọ̀nyí sí ìṣísẹ̀ mọ́kànlá tàbí méjìlá. Iṣẹ́ náà kò dín kù, àmọ́ ó di wẹ́wẹ́. Ẹsẹ̀ ènìyàn ni gíà tí kẹ̀kẹ́ náà kò ní. Ó yẹ kí n sọ pé gíà mẹ́ta ti wà nínú kẹ̀kẹ́ Gẹ̀ẹ́sì láti 1902, láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Sturmey-Archer. Ṣùgbọ́n òkúùkú aláìní-gíà ló rọrùn láti rà, òun náà ni alátùn-ún-ṣe abúlé lè fi òòlù àti sípánà kan tún ṣe, n kò sì rò pé àwọn bàbá wa ṣìṣe nínú yíyàn yẹn.

Títi kẹ̀kẹ́ ní ọgbọ́n, ọgbọ́n náà sì pọ̀. Apá òsì ni a ń dúró sí, nítorí ṣéènì wà ní ọ̀tún, epo rẹ̀ yóò sì ba ṣòkòtò jẹ́. Ọwọ́ òsì wà lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ọ̀tún wà lórí ìjókòó tàbí lára àpò fúnra rẹ̀. A ń jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ fara tì wá díẹ̀, nítorí bí ó bá ṣubú sí òdìkejì, kò sí ẹni tó lè dá a dúró. Rọ́bà tí a gé lára tíúbù àtijọ́ ni a fi ń di àpò. Okùn ń tú bí ó bá gbẹ, rọ́bà ń fún ara rẹ̀ ni. Níbi tí ọ̀nà bá fẹ̀, a kì í kọjú sí òkè gbọọrọ. A ń gbà á ní kọ́rọkọ̀rọ, láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà lè rọ̀. Níbi tí ó bá há, ẹnìkan a so okùn mọ́ iwájú kẹ̀kẹ́, a máa fà, ẹnìkejì a máa tì. Fà àti tì ni ọ̀rọ̀-ìṣe òkè. Gùn dúró de wọn lókè.

Iṣẹ́ ọmọdé ni òkúta. Èmi náà ṣe é. Ọmọ á di òkúta tó tó ìkúùkù méjì mú, á máa tẹ̀lé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Bí bàbá bá ti mí kanlẹ̀, kó ti òkúta sábẹ́ táyà kíá. Bíréèkì kẹ̀kẹ́ náà wà, irin gbọọrọ ni wọ́n fi ń fà á, ṣùgbọ́n rọ́bà rẹ̀ ti jẹ tán, ìka ọwọ́ tó ti rẹ̀ kò sì lè fún un pẹ́. Mo rántí pé kì í ṣe wíwúwo òkúta ló ń dẹ́rù bà mí. Èyí tó ń dẹ́rù bà mí ni ìgbà tí mo bá gbọ́ tí èémí bàbá mi yí padà, nítorí mo mọ̀ pé ó ku ìṣísẹ̀ méjì kó dúró.

Ọ̀ràn ìwọ̀ntunwọ̀nsì ẹrù tún wà. Àpò tó wà lórí káríà wà lẹ́yìn pátápátá. Bí òkè bá ti ga jù, iwájú kẹ̀kẹ́ á fúyẹ́, á fẹ́ gbéra nílẹ̀ bí ẹṣin tó ń dìde lórí ẹsẹ̀ méjì. Nígbà náà ni wọn á tú ẹrù, wọn á gbé e gba orí irin àárín, láàárín ìjókòó àti ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ tí a bá di ẹrù sí àárín rẹ̀ báyìí ti kúrò ní ohun gígùn. Kò sí ibi tí ẹsẹ̀ yóò gbà. Ó ti di ọmọlanke ẹlẹ́sẹ̀ tínrín.

Àwọn obìnrin kò fi bẹ́ẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ nígbà náà, wọn kì í sì í sí nínú fọ́tò kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ lórí òkè, agbọ̀n iṣu tàbí ìdì igi lórí wọn, ọwọ́ kan di ẹrù orí mú, ọwọ́ kejì ń ti àpò kòkó. Bí a bá fẹ́ ka àwọn tó gbé kòkó dé títì, kí a má gbàgbé wọn.

Ṣé ìsọ̀kalẹ̀ ni ìsinmi? Ẹni tí kò ṣe é rí ló lè rò bẹ́ẹ̀. Kìlógíráàmù 63 tó wà lẹ́yìn rẹ ń fẹ́ sáré ṣáájú rẹ, odò sì wà nísàlẹ̀. Bí kòkó tó ti gbẹ bá bọ́ sómi, tàbí tí òjò bá pa á pẹ́, ó lè hu ewú, wọn yóò sì já a sí ìpele ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ayẹ̀kòkówò ìjọba. Iṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà tí kòkó fi wà lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, àti ti ọ̀sẹ̀ tó fi wà nínú oòrùn, lè ṣègbé sínú odò kan tí kò ju orúnkún lọ. Nítorí náà ènìyàn á kọ̀yìn sí odò, á máa dá kẹ̀kẹ́ dúró, á máa jẹ́ kó yọ́ lọ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ibi tó yẹ kí kẹ̀kẹ́ ti lọ geere gan-an, a kì í jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ tí kòkó ń pọ̀, láti oṣù kẹwàá sí ìparí ọdún, ó ṣì mọ níwọ̀n. Kòkó kékeré tó ń jáde láàárín òjò ló burú. Ẹrẹ̀ pupa á kún àárín táyà àti irin tó bò ó, títí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kò fi ní í yí mọ́. Àwọn mìíràn a kúkú tú irin náà dànù.

Kì í ṣe àwa nìkan la ṣe àwárí pé kẹ̀kẹ́ lè wúlò jù nígbà tí a kò bá gùn ún. Ní 1954, nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Vietnam lábẹ́ Võ Nguyên Giáp dó ti àwọn Faransé ní Điện Biên Phủ, àárín àwọn òkè ńlá ni ibẹ̀ wà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi kó ìrẹsì àti ohun ìjà lọ. Wọ́n so ọ̀pá ọparun mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kí ẹni tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè máa darí rẹ̀, wọ́n tún gbé ọ̀pá kejì dúró ní ibi ìjókòó fún títì, wọ́n sì fi igi gba irin rẹ̀ ró. Kẹ̀kẹ́ kan lè gbé ju 200 kìlógíráàmù lọ. Àwọn Faransé ti gbára lé e pé ọ̀tá wọn kò ní í lè gbé oúnjẹ àti ìjà ńlá gba irú òkè bẹ́ẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, odi wọn ṣubú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí àwòrán ọ̀pá ọparun yẹn, ohun tó jọ mí lójú ni bí ó ti rọrùn tó. Ọparun kún etí odò Gbọ̀ngán, síbẹ̀ n kò rí ẹni tó so ó mọ́ kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ rí. Bóyá nítorí pé àgbẹ̀ tiwa ṣì ń fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọ̀lú ni.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà dé ìsàlẹ̀ òkè kan náà. Ní 1976, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Fairfax, ìpínlẹ̀ California, bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tó wúwo sáré ìdíje sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kan. Repack ni wọ́n sọ eré náà, torí pé bíréèkì inú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí gíríìsì rẹ̀ ń jó tán, tí wọ́n ní láti tún un kún lẹ́yìn eré. Báwo ni kẹ̀kẹ́ ṣe ń dé òkè? Wọ́n ń tì í ni, tàbí kí wọ́n kó o sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù. Nígbà tí títì sú wọn ni Gary Fisher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi gíà púpọ̀ sí i. Láti inú eré yẹn ni kẹ̀kẹ́ orí òkè tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí ti jáde. Lára irú rẹ̀ tó dé kẹ́yìn, pẹ́dà lè yí lẹ́ẹ̀kan kí kẹ̀kẹ́ má tíì lọ tó mítà kan àti ààbọ̀. Ìyẹn ni pé wọ́n ti fi irin ṣe ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń gùn ún ṣì ń sọ̀ kalẹ̀ tì í bí òkè bá le jù.

Tom Ritchey, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ ń rọ irin kẹ̀kẹ́ yìí, lọ sí Rùwáńdà ní 2005. Ó rí àwọn àgbẹ̀ kọfí tó ń ti ẹrù gòkè lórí kẹ̀kẹ́ àtijọ́, àti lórí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi igi gbẹ́. Èso kọfí tútù kò lè dúró. Láàárín wákàtí díẹ̀ tí a já a ni ó gbọ́dọ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń bó o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ adùn rẹ̀ á bàjẹ́. Ó wá ṣe kẹ̀kẹ́ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, tí ẹrù rẹ̀ wà nísàlẹ̀, tó sì ní gíà òkè. Ẹ̀yin tí ẹ ka ohun tí mo kọ nípa àpò tó ń gbé iwájú kẹ̀kẹ́ nílẹ̀ á rí ìdí rẹ̀ tí ẹ̀yìn fi gùn. Ní ọdún 2025, Kigali, olú-ìlú orílẹ̀-èdè náà, ni wọ́n ti ṣe ìdíje kẹ̀kẹ́ ojú títì ti gbogbo àgbáyé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn ní ilẹ̀ Áfíríkà, òkè ibẹ̀ sì wà lára ohun tó dá àwọn eléré lóró jù. Ó dùn mọ́ mi pé ẹnìkan tilẹ̀ béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ bí ẹrù ṣe ń gòkè. Ní tiwa, kòkó tó ń san owó ilé-ìwé ń jáde lọ lọ́dọọdún, kẹ̀kẹ́ kan náà sì ń wọlé bí wọ́n ti ṣe é fún títì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tí àgbẹ̀ tiwa béèrè kì í ṣe kẹ̀kẹ́ tuntun. Ọ̀nà ni. Nígbà tí ogun Àgbẹ́kọ̀yà bẹ́ sílẹ̀ ní ìparí 1968, tó sì gba 1969 kọjá, owó orí ni gbogbo ènìyàn ń rántí. Ṣùgbọ́n títún ọ̀nà tó lọ sí àwọn abúlé ṣe wà lára ohun tí àwọn àgbẹ̀ náà bèèrè fún. Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ti àpò gòkè odò mọ ohun tí ọ̀nà burúkú ń gbà lọ́wọ́ òun ju bí agbowó-orí ti mọ̀ ọ́n lọ, nítorí òun ló ń san án lójoojúmọ́ tí kò sì sí rìsíìtì.

Lẹ́yìn náà ni alùpùpù dé, ó pọ̀, ó sì di ọ̀kadà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Àjọ tó ń ra kòkó kógbá sílé ní 1986. Lónìí ọ̀kadà ló ń gbé kòkó jáde ní ọ̀pọ̀ abúlé Ayédaadé, àpò méjì lẹ́yìn awakọ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Bí òjò bá rọ̀ sórí àwọn òkè kúkúrú wọ̀nyẹn, awakọ̀ á sọ̀ kalẹ̀, á ki ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láyà, á sì máa tì í láti ẹ̀gbẹ́ òsì.

Kẹ̀kẹ́ ológeere fúnra rẹ̀ ṣì wà nínú òfin. Nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní àfikún kẹrin, iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni láti máa fún àwọn kẹ̀kẹ́ ní ìwé àṣẹ. Gbólóhùn kan náà ló ka kẹ̀kẹ́, ọmọlanke, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n àti bárò pọ̀. N kò rò pé ẹni tó kọ ọ́ ní oko Gbọ̀ngán lọ́kàn, ṣùgbọ́n àárín àwọn ohun tí ọwọ́ ń tì ni ó to kẹ̀kẹ́ sí.